Ọkọ̀ àtijọ́ lójú ọ̀nà oko: ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yẹ kó wọ inú ìwé

Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀nà á pín sí oríṣi méjì. Oríṣi kìn-ín-ní ni ọ̀nà ọlọ́dà ńlá tí ó ti Kútọnu wá, tí ó gba Bohicon àti Ìdàásà kọjá, tí ó sì kọrí sí Parakou àti Malanville. Ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Oríṣi kejì ni àwọn ọ̀nà oko tí ó ya kúrò lára rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Sakin ń tọ̀ lójoojúmọ́: ilẹ̀ pupa tí ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ilẹ̀ dúdú àbàtà tí ń gbé táyà mì, àpáta tí ó yọrí sókè láàárín ọ̀nà, àti odò kéékèèké tí kò ní afárá. Ọ̀nà kejì yìí ni iṣu, gbágùúdá, àgbàdo, sóyà àti òwú ń gbà dé ọjà. Iṣu tuntun kì í sì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ gan-an ni àwọn àgbẹ̀ ń wa á.

Ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lówó gọbọi kì í fẹ́ dé irú ibẹ̀, olówó rẹ̀ kò sì ní í gbà kí ó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ tí ń dé ibẹ̀ ni èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti awakọ̀ rẹ̀ lọ nígbà mìíràn: Peugeot 404 tàbí 504 tí a fi aṣọ nípọn bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí bàṣé, Land Rover tí ara rẹ̀ ti rí ọ̀pọ̀ òòlù, Toyota Land Cruiser tí a ti tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó bá ń wo àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí láti òkèèrè lè rò pé àìní nìkan ni ó pa wọ́n mọ́ lójú ọ̀nà. Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìní kò lè mú irin àádọ́ta ọdún gun òkè. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń ṣe é, iṣẹ́ tí ó ní ìwọ̀n, tí ó ní òfin, tí ó sì ní èèwọ̀. Ohun tí ó yẹ kó ká ènìyàn lára ni pé inú orí àti ọwọ́ àwọn ọ̀gá tí ń dàgbà ni iṣẹ́ náà wà, àti pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó tíì wọ inú ìwé ní èdè tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́.

Iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni

Kí a tún ọkọ̀ ṣe kí ó lè bá ọ̀nà mu kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì títí wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Bedford ni ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé tí kò ní ju ṣáásí, ẹ̀rọ àti imú lọ. Àwọn káfíńtà ìlú ni ó ń fi pákó kan ara wọn, tí wọ́n ń to àga pákó gígùn sí inú wọn, tí àwọn akunlé sì ń fi ọ̀dà aláràbarà kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí wọn lára. Bọ́lẹkájà ni àwọn èrò sọ ọ́, ìyẹn ni "bọ́ sílẹ̀ kí á jà". Ní àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé, Renault kan tí ń gbé tọ́ọ̀nù kan gba ojú ọ̀nà, ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ sì ni ó di orúkọ rẹ̀: "mille kilos". Ẹni tí ó bá pe ọkọ̀ náà ti sọ ẹrù tí ó yẹ kí ó rù. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí, a ó sì padà sí i.

Lẹ́yìn náà ni Peugeot dé. Ọdún 1960 ni 404 jáde, ilé iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní ìdíje ọkọ̀ Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń la ẹrẹ̀ àti eruku já fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, 404 gba ipò kìn-ín-ní ní ọdún 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. Ní ọdún 1968 yẹn kan náà ni 504 jáde. Òun náà borí ní Safari ní 1975 àti 1978. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì ń to 504 títí di àárín àwọn ọdún 2000. Èyí ṣe pàtàkì fún ìlú bíi Ṣábẹ̀ẹ́, tí odò Òkpárá nìkan pààlà láàárín agbègbè rẹ̀ àti Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Faransé lè dẹ́kun ṣíṣe ọkọ̀ kan, bí ó ti rí ní ọdún 1993 nígbà tí bàṣé 504 parí níbẹ̀. Bí ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ṣì wà lọ́jà nítòsí, ọkọ̀ náà kò tíì kú.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà gbìyànjú láti kọ́ ọkọ̀ fún ọ̀nà tí kò dára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Land Rover fojú hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1948, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam. Nítorí pé irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ìpẹtà kì í fi tètè jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé, Henry Dangel mú 504 ní ọdún 1980, ó tún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fa ọkọ̀. Ọkọ̀ Dangel dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju agbára oníṣòwò iṣu lọ. Nítorí náà, àwọn ọ̀gá ìgbèríko Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n mú ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ń fà, wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gba ibi tí olóhun mẹ́rin ń gbà. Bí a kò bá rí àdàn, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Gíga tí ó ní iye

Ohun àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ nílò ní ọ̀nà oko ni gíga. Bí ikùn rẹ̀ bá súnmọ́ ilẹ̀ jù, òkúta kan ṣoṣo lè fọ́ àwo tí epo ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ìrìn àjò sì ti parí nìyẹn. Àwọn ọ̀gá máa ń fi irin nípọn ṣe ààbò sí abẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á sì gbé ọkọ̀ náà sókè.

Lẹ́yìn bàṣé 504, àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn ni ó ń ru ẹrù. Lámù ni wọ́n ń pè wọ́n ní gáráàjì. Ọ̀gá lè fi ẹyọ kan tàbí méjì kún wọn, tí ó yọ láti ara ọkọ̀ mìíràn, tàbí kí ó mú èyí tí ó ti rẹlẹ̀ lọ bá alágbẹ̀dẹ kí ó tún fún un ní ìtẹ̀ rẹ̀. Níhìn-ín ni èèwọ̀ àkọ́kọ́ wà. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í fi iná pọ́n lámù kí ó kàn tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ọkọ́. Òòlù ni yóò fi lù ú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí irin náà tutù. Irin tí iná ti pọ́n, tí a kò fún ní líle rẹ̀ padà bí ó ti yẹ, yóò dà bí ẹni pé ó gbà, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ti bà lé e lẹ́ẹ̀melòó kan, yóò tún dùbúlẹ̀.

Èèwọ̀ kejì ni kí a fi lámù kún lámù láìní ìwọ̀n. Lámù tí ó rọ̀ ń gba ìjà ọ̀nà sára. Lámù tí ó le jù kì í gbà á, ṣe ni yóò ta á sókè sí ṣáásí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ti fi lámù kún fi máa ń ya ní ṣáásí, lẹ́bàá ibi tí lámù ti so mọ́ ọn. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti hàn níbẹ̀, jórinjórin tí ó mọṣẹ́ kì í kàn fi iná bò ó. Yóò kọ́kọ́ fọ ibẹ̀ mọ́, yóò wá ibi tí ìlà náà parí sí gan-an, yóò lu ihò kékeré síbẹ̀ kí yíya náà má baà tẹ̀ síwájú, lẹ́yìn náà ni yóò jó o pọ̀, tí yóò sì fi irin pẹlẹbẹ mìíràn bò ó, irin tí orí rẹ̀ méjèèjì fẹlẹ́ bí ewé kí agbára má baà kó jọ sí ojú kan. Kí ó tó dá iná sí i, yóò ti yọ wáyà bátìrì, yóò sì ti gbé àgbá epo kúrò nítòsí.

Èèwọ̀ kẹta ni ó léwu jùlọ, nítorí pé ojú kì í rí i. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ohun èlò kan wà ní ẹ̀yìn tí ń díwọ̀n agbára ìjánu. Ọ̀pá kan so ó mọ́ ìdí táyà. Bí ẹrù bá wúwo, ẹ̀yìn ọkọ̀ á rẹlẹ̀, ohun èlò náà á sì jẹ́ kí ìjánu ẹ̀yìn di táyà mú dáadáa. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, ẹ̀yìn á ga, ohun èlò náà á dín agbára ìjánu kù kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Ọkọ̀ tí a fi lámù gbé sókè ń tan ohun èlò yìí jẹ. Tọ́ọ̀nù kan ti wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ga, ó sì ń fún ìjánu ní agbára ọkọ̀ òfìfo. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ni awakọ̀ yóò tó mọ̀. Ọ̀gá tí ó bá gbé ọkọ̀ ga gbọ́dọ̀ tún ọ̀pá yẹn tò kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáráàjì.

Omi, eruku àti epo

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni ọ̀tá. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń mí bí ènìyàn; bí ó bá fa eruku mọ́ra, eruku náà yóò máa yún inú rẹ̀ bí ìgbà tí a ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ní asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ìdí rẹ̀ wà nínú epo, tí eruku ń lẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Oore ni irú asẹ́ yìí jẹ́ fún ará oko, nítorí kò pọn dandan kí a ra òmíràn: a ó tú u, a ó fọ̀ ọ́, a ó da epo ìdọ̀tí nù, a ó sì fi epo tuntun sí i dé ojú ìlà. Ṣùgbọ́n asẹ́ tí a kò fọ̀ sàn díẹ̀ ni ju kí a má ní asẹ́ rárá lọ. Ní ìgbà eruku, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rin ọ̀nà oko lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìgbà òjò, omi ni ọ̀tá. Ó ń wọ inú gasóòlì nínú kẹ́ẹ̀gì tí a kò dé dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń fún ẹ̀rọ ọkọ̀ ní gasóòlì kò fẹ́ kí omi kan òun bí ó ti wù kó kéré mọ. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ṣòro. Kí epo tí a rà nínú kẹ́ẹ̀gì sinmi di ọjọ́ kejì, nítorí omi yóò lọ sí ìsàlẹ̀. Kí a dà á láti òkè láìmì ín. Kí a má lo ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Kí a sì máa tú ìdè tí ó wà ní ìdí asẹ́ gasóòlì kí omi tí ó ti kó jọ síbẹ̀ lè jáde.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti la odò kọjá, iṣẹ́ kò tíì tán. Awakọ̀ yóò tẹ ìjánu fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà mélòó kan kí ó lè gbẹ. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá yóò wo epo inú àpótí jíà àti ti ìdí táyà ẹ̀yìn. Epo tí ó mọ́ jẹ́ dúdú tàbí àwọ̀ oyin. Èyí tí ó bá ti funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ká dà á nù lónìí sàn ju ká ra jíà mìíràn lóṣù tí ń bọ̀ lọ. Gbogbo ojú tí a ń fún ní gíríìsì ni a ó sì tún fún, títí omi àti ẹrẹ̀ yóò fi jáde níwájú gíríìsì tuntun.

Àwọn àṣà kan wà tí ó ti di ti gáráàjì, tí ó yẹ kí a kọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń gbóná jù, àwọn kan á yọ ohun èlò kékeré tí ń díwọ̀n ooru omi, wọ́n á sọ ọ́ nù. Ooru á dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gasóòlì tí kì í móoru tó ń jẹ epo púpọ̀, ó sì ń tètè gbó. Ìdí ooru náà ṣì wà níbẹ̀: ó lè jẹ́ koríko àti ẹrẹ̀ tí ó dí ojú rádíétọ̀, èyí tí omi àti ọwọ́ sùúrù lè fọ̀. Àwọn mìíràn á da epo ẹ̀rọ sí ibi omi ìjánu nígbà tí ti gidi kò sí. Epo ẹ̀rọ ń mú kí rọ́bà inú ìjánu wú kí ó sì bàjẹ́. Ọkọ̀ náà lè dúró lónìí, kí ó má dúró lọ́la.

Ẹsẹ̀ kí ó ṣáájú táyà

Ọkọ̀ tí a tọ́jú dáadáa lè ṣègbé lọ́wọ́ awakọ̀ tí kò ní sùúrù. Awakọ̀ àtijọ́ tí ó bá dé etí odò kì í kàn wọ inú rẹ̀. Yóò sọ̀kalẹ̀, tàbí kí ó rán ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, a ó fi ẹsẹ̀ wọ ọ́ dé òdìkejì pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Igi yóò sọ bí omi ti jìn tó, ẹsẹ̀ yóò sọ bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ le. Bí ìṣàn omi bá lágbára tó láti ti ènìyàn, ọkọ̀ yóò dúró. Odò tí ó kún lẹ́yìn òjò máa ń fà. Wákàtí díẹ̀ tí a fi dúró kò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí ra.

Nínú yanrìn, ọgbọ́n náà ni kí a tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú táyà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbòòrò, kí ó má baà rì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tú u sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi fún un padà, nítorí táyà tí kò le tó lórí ọ̀nà ọlọ́dà ń gbóná, ó sì ń bẹ́. Nínú ẹrẹ̀, kí a tẹ iná mọ́ ọkọ̀ títí táyà yóò fi gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀ ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ. Ọkọ́, pákó méjì àti okùn tí ó lágbára kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ oko.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí yóò di asán bí ẹrù bá kọjá ààlà. Bàṣé 504 ni a ṣe láti gbé tọ́ọ̀nù kan lé díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ ọjà mọ ohun tí wọ́n ń gbé lé e: àpò gbágùúdá tàbí èédú tí ó ga ju orí ilé lọ, ewúrẹ́ lórí àpò, ènìyàn lórí ewúrẹ́. Lámù tí a fi kún kì í sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ ńlá. Ó kàn ń jẹ́ kí ó lè gbé ohun tí kò lè dá dúró ni. Ìjánu rẹ̀ ṣì ni ìjánu tọ́ọ̀nù kan, táyà rẹ̀ ṣì ni táyà tọ́ọ̀nù kan, ṣáásí rẹ̀ náà kò sì yí padà.

Àwọn ọ̀gá mọ èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò sí níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Oníṣòwò ń ka iye owó ọkọ̀ fún àpò kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ ń ka iye tí ọlọ́kọ̀ ń retí nírọ̀lẹ́, èrò ń wá bí yóò ṣe dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Olúkúlùkù ní ìdí tirẹ̀, ẹrù sì ń ga sí i. Bí ọkọ̀ tí a gbé ga, tí ẹrù rẹ̀ tún ga, bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú kòtò, àwọn tí ó jókòó lókè ni ó ń kọ́kọ́ ṣubú, ẹrù á sì tẹ̀ lé wọn. Ìjọba ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó fún ní iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ àti ìkìlọ̀ nípa ewu ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ Benin. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti yà kúrò lórí ọ̀nà ọlọ́dà, kò sí ẹni tí yóò díwọ̀n rẹ̀ bí kò ṣe àwọn tí ń lò ó.

Àwọn àgbà tí wọ́n pe ọkọ̀ ní "mille kilos" ti fi ìwọ̀n rẹ̀ sí orúkọ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó ní kí a má kọ ìwọ̀n náà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lónìí, ní èdè tí oníṣòwò, awakọ̀ àti èrò gbọ́: "Tọ́ọ̀nù kan ni mò ń gbé." Ọ̀rọ̀ tí a kọ síta ń fún ẹni tí ó fẹ́ sọ pé "ó tó" ní ẹnu láti sọ ọ́.

Ọgbọ́n tí a kò kọ sílẹ̀

Ọ̀nà tí ọmọ iṣẹ́ ń gbà kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni kí ó wo ọwọ́ ọ̀gá, kí ó gbé sípánà wá, kí ó fọ ẹ̀yà ara ọkọ̀, kí ó fi etí sí ìró ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà náà dára, òun ni ó bí àwọn ọ̀gá tí a ń yìn. Ní Kumasi, ní ilẹ̀ Ghana, ọ̀nà yìí kan náà ni ó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ọwọ́ ní àdúgbò Suame Magazine, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀, tí wọ́n ń jó o, tí wọ́n sì ń tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní àléébù kan: ohun tí ọmọ iṣẹ́ kò bá ní oríire láti rí nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, kò ní í mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀gá kò bá tún ọ̀pá ìjánu tò lójú rẹ̀ rí, òun náà yóò gbé ọkọ̀ ga láì tún un tò, yóò sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé etí ọ̀gá kò ṣe é jogún. Àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín àwọn irin tí ń ṣí ojú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń tì í, kò tó ìdajì mílímítà. Ọ̀gá tí ó ti ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún lè fi etí gbọ́ ọ. Ọmọ iṣẹ́ nílò irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì nílò láti lè ka nọ́ḿbà tí ó wà lára rẹ̀. Ìwé tí ó sọ iye tí ó yẹ wà, èdè Faransé ni a sì fi kọ ọ́. Láàárín ìwé náà àti ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́, ògiri ga.

Ìjọba Benin ti ṣí ilẹ̀kùn kan sára ògiri yìí. Ìwé ẹ̀rí méjì ni ó dá sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́: CQP, fún àwọn tí ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ dé ìwọ̀n kan, àti CQM, tí ọmọ iṣẹ́ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe ìdánwò rẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n kọ, tí ó mọ̀ ọ́n kà ní Yorùbá, kò ní láti dúró de Faransé kí ó tó lè fi ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ hàn.

Ṣùgbọ́n ìdánwò ọjọ́ kan kò tó. Ohun tí yóò so ìwé mọ́ iṣẹ́ ni ìwé ọkọ̀. Ìwé kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ni a ó fi sí abẹ́ àga awakọ̀ nínú àpò ọ̀rá. Ìlà mẹ́rin ni a ó fà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ohun tí a rí, ohun tí a ṣe, ọjọ́ tí a ó tún wò ó. Bí àpẹẹrẹ, ojú ìwé kan lè kà báyìí:

Ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ. Epo ìdí táyà ẹ̀yìn funfun bí ògì. A dà á nù, a fi tuntun sí i. Ká tún un wò lẹ́yìn odò.

Ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ. Lámù kejì ní ọ̀tún ti ṣẹ́. A pààrọ̀ rẹ̀. A tún ọ̀pá ìjánu tò.

Ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ. Asẹ́ gasóòlì: omi púpọ̀ jáde. Ká yí ibi tí a ti ń ra epo padà.

Ẹni tí ó bá ka ìlà mẹ́ta wọ̀nyí ti mọ ohun tí ń ṣe ọkọ̀ náà ju ẹni tí ó bá a rìn fún oṣù kan lọ. Bí awakọ̀ bá yí padà, ìwé kò yí padà. Bí ọ̀gá bá rin ìrìn àjò, ọmọ iṣẹ́ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá ń bèèrè ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí, ìdáhùn wà ní ojú ìwé. Nígbà tí irú ìwé mẹ́wàá bá sì péjọ ní gáráàjì kan, wọn yóò di ìwé ẹ̀kọ́ tí kò sí ẹni tí ó lè kọ ọ́ láti Paris tàbí láti Kútọnu, nítorí ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó kọ ọ́.

Àwọn kan ń sọ pé ìgbà ọkọ̀ wọ̀nyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Alùpùpù ti gba ọ̀pọ̀ èrò lọ́wọ́ bàṣé, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ń gbé àpò láti oko, ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí sì ń wọlé láti èbúté Kútọnu. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Síbẹ̀, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ní ìwọ̀n ẹrù tí kò yẹ kí ó kọjá, eruku ń wọ inú ẹ̀rọ tirẹ̀ náà, ìjánu rẹ̀ sì ń gbó. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ti kọ́ láti wò, láti wọ̀n, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ lára 504 àtijọ́, ti ní ohun tí yóò fi pàdé ọkọ̀ èyíkéyìí tí ó bá ń bọ̀. Òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò tún rọ̀, iṣu tuntun yóò sì tún wà lóko tí yóò máa dúró de ọkọ̀. Kí ó tó dé, ó yẹ kí gáráàjì kọ̀ọ̀kan ti ra ìwé kan àti bíírò kan.